Ẹwìrì Ọwọ́ Obìnrin

Ẹni tí ó bá ti dúró rí ní ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ yóò mọ ìró tí mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Kí irin tó pọ́n, kí òòlù tó dún, èémí ni a máa ń kọ́kọ́ gbọ́: ẹwìrì á fa afẹ́fẹ́ sínú, á sì tú u jáde, á tún fà, á tún tú. Ọmọdé tí ń fínná fún ọ̀gá rẹ̀ lè má mọ̀ pé òun ń lu ìlù, síbẹ̀ kì í pẹ́ tí òòlù ọ̀gá yóò fi máa bọ́ sí ojú àyè tí èémí náà bá là sílẹ̀ fún un. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ kọnsatínà ní òun nìkan, láìsí gìtá tàbí dùùrù tí ó bò ó mọ́lẹ̀, àgbẹ̀dẹ ni mo rántí. N kò rántí ṣọ́ọ̀ṣì, n kò sì rántí ilé ijó.

Edel Fox, ọmọ ìlú Miltown Malbay ní agbègbè Clare, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Ayálándì, ni ó ń tẹ̀ ẹ́. Chords & Beryls ni ó pe àwo náà, ó sì jáde ní 2010. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ń gbé ní ọ̀hún ni ó fi í ránṣẹ́ sí mi, ó sì kọ ọ́ sí ara páálí rẹ̀ pé kí n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó la ẹnu sọ̀rọ̀. Mo ti gbọ́ ọ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ dáadáa. Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ kò mọ sórí àwo kan ṣoṣo. Mo fẹ́ sọ ohun tí ó túmọ̀ sí kí ọ̀dọ́mọbìnrin kan lè fi ohun èlò yìí ṣe iṣẹ́ ayé rẹ̀, ní ilẹ̀ tí àwọn obìnrin ti ń tẹ̀ ẹ́ fún ìran mélòó kan láìsí ẹni tí ó ka ohun tí wọ́n ń ṣe sí iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n mo ní ìjà kan tí mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ parí. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan, onílù tí ó mọ tinú-tòde dùndún, jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú lórí ọ̀rọ̀ I. K. Dáíró. Dáíró (1930–1996) ni ó sọ àkọ́díọ̀nù, ẹ̀gbọ́n kọnsatínà, di ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ nínú orin jùjú; ní 1963, ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá. Ọ̀rẹ́ mi kò kọ̀ pé orin Dáíró dùn. Ohun tí ó sọ ni pé ohun tí a fi owó rà nínú ṣọ́ọ̀bù Òyìnbó kò lè di àbáláyé láéláé. Igi ni à ń gbẹ́, awọ ni à ń kàn, àyàn ni à ń bí. Mo bi í léèrè pé ta ni ó gbẹ́ àkọ́díọ̀nù fún Dáíró nígbà náà tí ó fi ń ba gángan rẹ̀ sọ̀rọ̀ tí gángan náà sì ń dá a lóhùn. Ó ní ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn. Òtítọ́ ni, kì í ṣe ìdáhùn. Àwọn ará Clare ni mo rò pé wọ́n ní ìdáhùn náà.

Nítorí pé àwọn náà kò gbẹ́ kọnsatínà. Ilé ìtajà ni wọ́n ti rà á. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Charles Wheatstone, ẹni tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mọ̀ jù fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí iná mànàmáná, gba ìwé àṣẹ ní 1829 lórí ohun èlò tí kọnsatínà ti ara rẹ̀ yọ. Ní Chemnitz nílẹ̀ Jámánì, Carl Friedrich Uhlig ṣe tirẹ̀ ní 1834. Oríṣi méjèèjì jọra ní ojú: ọwọ́ igi ọ̀tún àti ti òsì, ẹwìrì aláwọ tàbí onípáálí ní àárín, ahọ́n irin tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ nínú, tí afẹ́fẹ́ ń gbọ̀n tí wọ́n fi ń dún. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ó yẹ kí a dúró lé lórí, nítorí pé gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nípa Edel Fox wà níbẹ̀.

Nínú ti Wheatstone, bọ́tìnnì kan, ohùn kan: bí o bá fún ẹwìrì pọ̀ tàbí o fà á, ohùn náà kò yí padà. Èyí ni àwọn ọlọ́lá gbé lọ sí pálọ̀ wọn láti fi tẹ orin tí a kọ sínú ìwé. Nínú ti Uhlig, bọ́tìnnì kan, ohùn méjì: bí o bá fún ẹwìrì, ó sọ ohun kan, bí o bá fà á, ó sọ òmíràn. Nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ gun ohùn láti ìsàlẹ̀ dé òkè lórí ìlà bọ́tìnnì kan gbọ́dọ̀ máa fún kí ó sì máa fà, kí ó fún kí ó fà, bí ẹni tí ń fínná. Kò sí bí kò ṣe ní mí. Èyí ni ó rọ̀ lówó, òun ni àwọn atukọ̀ gbé kiri ayé, òun ni àwọn àgbẹ̀ rà. Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn Boer ní gúúsù Áfíríkà, àwọn Zulu sì gbà á, wọ́n tú ahọ́n inú rẹ̀, wọ́n sì tún un tò kí ó lè máa sọ èdè tiwọn. Ó dé Clare náà. Irú ti Uhlig yìí ni àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù tún ṣe dáadáa lẹ́yìn náà, tí ó wá di oníbọ́tìnnì ọgbọ̀n tí àwọn ará Ayálándì ń lò títí di òní. Àwọn tí Charles Jeffries ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ní ayé àtijọ́ ṣì ni àwọn òṣèré ń wá kiri bí ẹni ń wá ìlẹ̀kẹ̀ iyùn.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ obìnrin ni ó gbà á jù ní Clare? Gearóid Ó hAllmhuráin, onímọ̀ ìtàn orin tí òun fúnra rẹ̀ ń tẹ kọnsatínà, ti kọ púpọ̀ lórí èyí. Ìdáhùn tí ó bá ojú mu jù ni pé ohun èlò kékeré ni, kò wọ́n, ó sì lè dúró sí ẹ̀bá iná nínú ilé ìdáná níbi tí obìnrin wà. Ilé ìdáná náà sì ni gbọ̀ngàn ijó. Ní alẹ́, wọn á gbé tábìlì jáde, àwọn aládùúgbò á kún inú ilé, ẹsẹ̀ á sì máa ró lórí òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀. Àwọn àgbà ibẹ̀ a máa sọ pé nínú ilé mìíràn, wọ́n a máa rì agbárí ẹṣin mọ́ abẹ́ òkúta ẹ̀bá ààrò kí ìró ẹsẹ̀ lè dún dáadáa. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí púpọ̀. Ẹni tí ó bá mọ bí a ṣe ń wá igi tí yóò mú ìlù dún kò ní rẹ́rìn-ín sí i. Ó fi hàn pé ilẹ̀ ilé gan-an jẹ́ ara ohun èlò orin, àti pé obìnrin tí ó jókòó sí ẹ̀bá ààrò tí ó ń fún ẹwìrì tí ó sì ń fà á kò tẹ orin fún etí nìkan. Ẹsẹ̀ ni ó ń tẹ̀ ẹ́ fún.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan bàjẹ́. Àwọn àlùfáà kò fẹ́ràn ijó inú ilé. Ní 1935, ìjọba ṣe òfin tí ó ní kò sí ijó ìta gbangba láìsí ìwé àṣẹ, wọ́n sì fi òfin náà dẹ́rù ba àwọn onílé. Ijó kúrò nínú ilé ìdáná, ó lọ sí gbọ̀ngàn. Nínú gbọ̀ngàn, kọnsatínà kan kò lè bo ariwo ẹsẹ̀ igba ènìyàn. Àkọ́díọ̀nù gba ipò rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ sì ń ṣí lọ sí Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà. Kọnsatínà kò kú, ṣùgbọ́n ó di ohun tí ó wà lórí pẹpẹ, tí ìyá àgbà máa ń gbé sílẹ̀ ní ọjọ́ ọdún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ìyá Crotty. Elizabeth Crotty (1885–1960) àti ọkọ rẹ̀ ní ilé ọtí ní ìlú Kilrush. Ó ń tà, ó ń tọ́jú àlejò, ó sì ń tẹ kọnsatínà. Ní àárín àwọn ọdún 1950, Ciarán Mac Mathúna gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ dé láti ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba, ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, gbogbo ilẹ̀ Ayálándì sì gbọ́ ọ lórí ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó tó ẹni àádọ́rin ọdún nígbà náà. Àwo tí ó jẹ́ tirẹ̀ nìkan kò jáde àfi ní 1999, ọdún mọ́kàndínlógójì lẹ́yìn ikú rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ ó rí i pé kò sí ìyanu ọwọ́ kankan níbẹ̀, kò sí eré sísá. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni pé kò sí ibi tí ẹsẹ̀ fi lè ṣìnà.

Àwọn ọkùnrin ni wọ́n tún ọ̀nà ìka ṣe. Mo mọ̀ pé gbólóhùn yìí yóò bí àwọn kan nínú, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni ìtàn ṣe wí. William Mullaly, ará Westmeath tí ó ti ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù níbẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1920. Rẹ́kọ́ọ̀dù náà padà dé Clare, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Paddy Murphy (1913–1992) sì gbọ́ ọ. Ó yà á lẹ́nu bí ẹni yìí ṣe ń tẹ orin tí òun kò rí bí a ṣe lè tẹ̀ ẹ́ lórí ìlà kan. Ó jókòó ti ohun èlò rẹ̀ títí ó fi rí i pé ohùn kan náà lè wà ní ibi méjì, lórí ìlà yìí nígbà tí a bá ń fún ẹwìrì, lórí ìlà kejì nígbà tí a bá ń fà á. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń fo láti ìlà dé ìlà lè yan ibi tí yóò ti mí. Ó wá ṣeé ṣe láti bá gòjé àti fèrè rìn nínú ohùn tiwọn. Noel Hill, ọmọ Clare tí a bí ní 1958, gba ọ̀nà yìí lọ́wọ́ Murphy, ó sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ tí ó létò, ó sì ń kọ́ ọ ní ilẹ̀ méjèèjì tí ó wà ní etí òkun Atlantic. Àwo rẹ̀ The Irish Concertina (1988) ni ó la ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Láti ìgbà náà, bí Hill ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni ọ̀pọ̀ ọmọdé ń tẹ̀ ẹ́.

Kí ni a rí gbà, kí ni a sì sọnù? Ẹni tí ó lè yan ibi tí yóò ti mí lè pinnu pé òun kò ní mí rárá. Orin á ṣàn bí epo, ohùn kan á wọ inú òmíràn láìsí ojú àlà. Ó lẹ́wà, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ àwọn ọ̀dọ́ kan tí ọwọ́ wọn yá ju ti Ìyá Crotty lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, tí wọ́n sì ń tẹ orin ijó tí kò sí ẹni tí ó lè jó o. Èémí ti kúrò níbẹ̀. Ohun tí ó kù dà bí àgbẹ̀dẹ tí a gbé iná mànàmáná sí: irin ń pọ́n, ṣùgbọ́n òòlù kò ní ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀ mọ́.

Ibí yìí ni Edel Fox ti wọlé. Ní 2004, ó gba ẹ̀bùn ọ̀dọ́ olórin tí ó ta yọ jù lọ lọ́wọ́ TG4, ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán tí ń lo èdè Ayálándì. Ní 2006, òun àti Ronan O'Flaherty, ọ̀dọ́ agòjé, ṣe àwo kan pọ̀. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni Chords & Beryls jáde; ó tún bá Neill Byrne, agòjé mìíràn, ṣe The Sunny Banks. Ó ń kọ́ni, ó ń rìnrìn àjò. Bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, ìtàn ayé ọ̀dọ́ olórin tí nǹkan ń ṣẹnuure fún ni, kò sì sí ohun tí ó yani lẹ́nu nínú rẹ̀. Ohun tí ó yani lẹ́nu wà nínú ọwọ́ rẹ̀.

Ó mọ ọ̀nà Murphy àti Hill. Ẹ gbọ́ bí ó ṣe ń gba inú orin tí wọ́n ń pè ní reel kọjá: ìka rẹ̀ ń fo láti ìlà dé ìlà láìsí ìyọnu, ohùn kò já, ìkánjú kò sí. Ẹni tí kò bá fetí sílẹ̀ dáadáa yóò sọ pé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tuntun ni. Ṣùgbọ́n ní ibi tí àwọn yòókù ti ń lo òmìnira yẹn láti sá fún èémí, òun ń lò ó láti yan ibi tí èémí yóò ti ṣiṣẹ́. Ó máa ń yí ẹwìrì padà gan-an ní ibi tí ẹsẹ̀ oníjó yóò ti kan ilẹ̀, bí ẹni pé ó wà lórí ìlà kan ṣoṣo tí kò ní ọ̀nà mìíràn. Ní ojú mi, ọgbọ́n ńlá ni èyí. Àwọn obìnrin ìgbà àtijọ́ ń mí nítorí pé ohun èlò wọn fi ipá mú wọn mí. Fox kò sí lábẹ́ ipá kankan. Ó gbọ́ ohun tí ipá náà so ní èso, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ pa á mọ́.

Orin ijó wọn kúrú. Apá méjì ni, apá kọ̀ọ̀kan ni a ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà a ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Àlejò lè rò pé àsọtúnsọ lásán ni. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti oníràrá rí mọ̀ pé inú àsọtúnsọ ni a ti ń mọ ọ̀jẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kejì tí Fox bá gba apá kan kọjá, ó lè fi ohùn ìsàlẹ̀ kan gbe òkè lẹ́sẹ̀, ó lè yọ ohùn kan tí a ń retí kúrò kí etí wa fúnra rẹ̀ fi í síbẹ̀. Kì í ṣe é lẹ́ẹ̀mejì ní ibì kan náà. Kì í sì í ṣe é láti fi hàn wá. Ìdí nìyí tí ó fi gbà mí ní ìgbà díẹ̀ kí n tó gbọ́ ọ. Ọ̀rẹ́ mi mọ ohun tí ó ń sọ nígbà tí ó ní kí n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta.

Mo ní àríwísí kan. Àwo náà mọ́ jù. Gbogbo nǹkan wà ní ipò rẹ̀, ìró kò kọlu ìró, bí pálọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Nínú gbígbohùnsílẹ̀ Paddy Murphy tí wọ́n kó jọ sínú àwo In Good Hands (2007), ẹ ó gbọ́ bí ayé ṣe ń lọ ní àyíká ẹni tí ó ń tẹ orin. Nínú ti Fox, èmi ni mo ní láti fi ẹsẹ̀ oníjó síbẹ̀ lọ́kàn ara mi. Wọn yóò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé ìgbohùnsílẹ̀ òde òní rí. Mo gbà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó tọ́jú èémí tó báyìí, ó yẹ kí ó fún un ní ilẹ̀ tí yóò dún lé.

Ọ̀nà mìíràn wà, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ti Fox nìkan ni mo kà sí rere. Cormac Begley, ọmọ ìwọ̀-oòrùn Kerry, gbé àwo tirẹ̀ jáde ní 2017, ó sì tún gbé B jáde ní 2022, èyí tí ó fi kọnsatínà olóhùn ìsàlẹ̀ tẹ̀. Ohun èlò ńlá ni, ẹwìrì rẹ̀ ń ké, bọ́tìnnì rẹ̀ ń ta, Begley kò sì fi ọ̀kankan pamọ́. Ó sọ wọ́n di ìlù. Ó gbé e lọ sí orí ìtàgé pẹ̀lú àwọn oníjó Michael Keegan-Dolan nínú eré MÁM ní 2019. Bí a bá ń wá ẹni tí ó fi agídí sọ fún ayé pé ẹwìrì ni kọnsatínà jẹ́ kí ó tó jẹ́ ohunkóhun mìíràn, Begley ni. Ipá rẹ̀ wù mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbọ́ ọ tán, òun ni mo máa ń rántí. Bí mo bá gbọ́ Fox tán, orin ni mo máa ń rántí, n ó sì máa kọ ọ́ lẹ́nu lọ sí ọjà.

Mo ti ń yí ọ̀rọ̀ kan ká, ó yẹ kí n sọ ọ́. Obìnrin kan wà ní agbègbè Miltown Malbay tí wọ́n ń pè ní Kitty Hayes. Ó ń tẹ kọnsatínà ní ọmọge. Ó fẹ́ Josie Hayes, afunfèrè tí àwọn ará ibẹ̀ mọ̀ dáadáa, ó bímọ, ilé sì gbà á lọ́wọ́. Ó gbé kọnsatínà sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọkọ ń lọ síta láti fọn fèrè. Ìyàwó wà nílé. Lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀ ni ó tún gbé e, ó sì ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà tí àwo rẹ̀ A Touch of Clare jáde ní 2001. Ẹ gbọ́ àwo náà bí ẹ bá rí i. Ọwọ́ rẹ̀ kò yára, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí mo sọ nípa èémí wà níbẹ̀ ní pípé, bí ẹni pé kò sí ọjọ́ kan tí ó fi sinmi. Inú mi máa ń dùn sí i, ó sì máa ń bí mi nínú pọ̀. Orin wo ni ó tẹ̀ nínú ọkàn ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, níbi tí kò sí ẹni tí ó gbọ́ ọ?

Ẹ fi èyí wé ti Ìyá Crotty. Ọ̀kan tó àádọ́rin ọdún kí rédíò tó dé. Èkejì ti kọjá àádọ́rin kí àwo tó jáde. Fox gba ẹ̀bùn ní ọ̀dọ́, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn àwo Kitty Hayes, ní àdúgbò kan náà. Kì í ṣe pé ó lẹ́bùn jù wọ́n lọ. Ayé ni ó yí. Mo mọ gbogbo ohun tí àwọn ọlọ́gbọ́n ń sọ lòdì sí ẹ̀bùn àti ìdíje: pé ó ń mú kí ọmọdé máa tẹ orin fún adájọ́, pé ó ń pa ohùn àdúgbò run, tí ọmọ Clare ìlà-oòrùn àti ọmọ Clare ìwọ̀-oòrùn á fi máa dún bákan náà. Èmi náà ti sọ ọ́, n kò sì kó o jẹ. Mary MacNamara tí ó wá láti Tulla, tí ó ṣe Traditional Music from East Clare ní 1994, ní ohùn ìlà-oòrùn tí a kò lè fi ilé ìwé kankan ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń ṣàárò ilé ìdáná yẹ kí wọ́n rántí ẹni tí ó wà nínú ilé ìdáná náà, kí wọ́n sì bi í léèrè bí ó bá wù ú láti jáde. Iṣẹ́ tí ó ní orúkọ, tí a ń sanwó rẹ̀, tí ọkọ àti ọmọ mọ̀ pé iṣẹ́ ni, ṣòro láti gbé sórí pẹpẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí ẹ̀bùn 2004 yẹn ṣe fún Fox nìyí ní ojú tèmi, ju ohun tí ó lè ṣe sí ọwọ́ rẹ̀ lọ.

Ní oṣù Keje ọdọọdún, ìlú Miltown Malbay a máa kún fọ́fọ́. Ilé ẹ̀kọ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n fi rántí Willie Clancy, afunfèrè tí ó kú ní 1973, ni ó ń kó wọn wá. Fox wà lára àwọn tí ń kọ́ni níbẹ̀. Àwọn ọmọ á jókòó yí olùkọ́ ká, olùkọ́ á tẹ ìwọ̀nba díẹ̀, wọn á tẹ̀ lé e láìsí ìwé níwájú wọn, bí ọmọ àyàn ṣe ń tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lẹ́yìn ìyá ìlù. Ohun èlò tí ó wà lọ́wọ́ wọn ni a rà ní ṣọ́ọ̀bù, tàbí tí a dúró dè fún ọdún díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ń ṣe é. Etí ni wọ́n fi ń gba orin, etí kì í sì í ṣe ohun tí ń tà ní ṣọ́ọ̀bù.

Mo sọ èyí fún ọ̀rẹ́ mi onílù, mo sì yá a ní àwo méjèèjì, ti Fox àti ti Kitty Hayes. Ó tó oṣù méjì kí ó tó dá wọn padà. Ó ní òun kò tí ì yí èrò òun padà nípa Dáíró. Ó ní ohùn nǹkan náà ń ta òun létí bí eṣinṣin inú ìgò, ṣùgbọ́n ọmọ tí ń tẹ̀ ẹ́ yẹn mọ ibi tí ẹsẹ̀ ń bọ́ sí. Àwo Fox nìkan ni ó sì gbé fún mi. Ó ní kí n jẹ́ kí ti ìyá àgbà ṣì wà lọ́dọ̀ òun díẹ̀ sí i.